Ṣé fáírọ́ọ̀sì ló dá àpá sí ẹ̀dọ̀fóró bàbá mi?

Àbíkẹ́ Ẹ̀bútẹ́ béèrè pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, sọ́míìlì Oko Bàbá ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ni wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, nídìí ẹ̀rọ tó ń la gẹdú. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ikọ́ gbígbẹ kan bẹ̀rẹ̀, tí kò mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá, tí kò sì mú ẹ̀jẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni mímí wá di iṣẹ́. Àtẹ̀gùn ilé wa ní ìgbésẹ̀ 14. Tẹ́lẹ̀, wọ́n a máa gùn ún pẹ̀lú garawa omi lọ́wọ́. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá dé ìkeje, wọ́n ní láti dúró, kí wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, kí èjìká wọn máa lọ sókè sódò títí èémí yóò fi padà. Orí ìka ọwọ́ wọn ti wú, èékánná wọn sì ti tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹ̀yìn ṣíbí.

Ilé ìwòsàn àdáni kan tí n kò ní dárúkọ fún wọn ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún oṣù mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ sì ni àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò fi ọjọ́ kan sọ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Nígbà tí ara wọn kò yá, wọ́n tún fi prednisolone lé e. Oṣù tó kọjá ni dókítà mìíràn ní kí a lọ fi ẹ̀rọ CT ya àwòrán àyà wọn. Èsì rẹ̀ sọ pé àpá ti kún ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, pé àwọn ibì kan ti di ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, àti pé a kò mọ ohun tó fà á.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Báwo ni ẹ̀dọ̀fóró yóò ṣe máa di àpá láìnídìí? Mo wá kà á pé ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń rí fáírọ́ọ̀sì nínú irú ẹ̀dọ̀fóró bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni pé fáírọ́ọ̀sì lè fa irú àpá yìí? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn kò fún bàbá ní oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì? Àbúrò mi ti rí ẹnì kan ní Ìdúmọ̀tà tó ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ti ń kó owó jọ láti rà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Dókítà Àyà, Sùúrùlérè, fèsì pé:

Ẹ kú aájò, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ sọ fún àbúrò yín kó dá owó yẹn dúró ná. N óò sọ ìdí rẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Nínú ẹ̀dọ̀fóró ni àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké wà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ni wọ́n, ògiri wọn sì fẹ́lẹ́ débi pé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ń gba inú rẹ̀ kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí nǹkan bá bó ògiri yìí, yálà eruku ni, tàbí èéfín, tàbí kòkòrò àìsàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tún un ṣe, wọn a sì ké sí àwọn mìíràn tó ń hun fọ́nrán àpá kí wọ́n wá di ojú egbò náà. Bí egbò bá ti jinná, ó yẹ kí àwọn tó ń hun àpá káwọ́ dúró. Nínú àìsàn tí a ń sọ yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní idiopathic pulmonary fibrosis (IPF), wọn kì í dúró. Wọ́n ń hun lọ láìsinmi, ògiri ń nípọn, ẹ̀dọ̀fóró ń le, ó sì ń sún kì. Àwọn àgbà ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara mọ́. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òwe rárá, nítorí ibi tí àpá bá ti mú, afẹ́fẹ́ kò tún rí ibẹ̀ gbà. Bí ẹ bá fi etí sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bàbá nígbà tí wọ́n bá mí sínú, ẹ ó gbọ́ ìró kan tó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń já aṣọ ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò lápá ènìyàn. Ìró yẹn àti èékánná tó tẹ̀ yẹn ló yẹ kí ó ti jẹ́ kí ẹni tó kọ́kọ́ rí wọn fura pé kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ.

“A kò mọ ohun tó fà á” kò túmọ̀ sí pé kò ní ìdí. Ó túmọ̀ sí pé a ti wá àwọn ìdí tí a mọ̀, a kò sì rí i. Ẹ jẹ́ kí n béèrè bóyá wọ́n wá a dáadáa: ṣé wọ́n bi bàbá nípa ìyẹ̀ igi? Ṣé wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n ń sin adìẹ tàbí ẹyẹlé, bóyá wọ́n mu sìgá rí, bóyá oríkèé ara máa ń wú wọn, bóyá wọ́n lo amiodarone fún ọkàn tàbí nitrofurantoin fún ìtọ̀? Gbogbo ìwọ̀nyí ló lè dá àpá sí ẹ̀dọ̀fóró tàbí kó dá kún un. Ìwádìí ti fi hàn léraléra pé àwọn tó ń fa ìyẹ̀ igi àti eruku irin símú lẹ́nu iṣẹ́ ni àìsàn yìí ń mú ju àwọn ẹlòmíràn lọ, nítorí náà ọgbọ̀n ọdún ní Oko Bàbá gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé aláìsàn wọn.

Ó wá kan fáírọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àhesọ. Ní ọdún 1984 ni àwọn oníṣègùn kan ní Faransé ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àpá ẹ̀dọ̀fóró ń fi àmì fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr hàn lọ́nà tó ṣàjèjì. Fáírọ́ọ̀sì yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ wa: inú jẹjẹrẹ àgbọ̀n àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́jú ní Ùgáńdà ni Epstein, Achong àti Barr ti rí i ní 1964. Láti kékeré ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa nílẹ̀ yìí ti kó o. Bí ó bá ti wọlé sí ara, kì í jáde mọ́. Yóò sùn síbẹ̀ títí ọjọ́ ikú, yóò sì máa jí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí agbára ara bá dínkù. Ìbátan rẹ̀ ni cytomegalovirus, àti àwọn méjì tí wọ́n ń pè ní HHV-7 àti HHV-8.

Ní 2003, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà wá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ní àìsàn náà. Wọ́n rí ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn lára 32 nínú ènìyàn 33. Lára àwọn tí kò ní àìsàn náà, 9 nínú 25 ni wọ́n ti rí i. Ní 2020 ni àwọn mìíràn kó ìwádìí 20 láti orílẹ̀-èdè 10 pọ̀, wọ́n sì rí i pé fáírọ́ọ̀sì wà lára àwọn aláìsàn ju àwọn yòókù lọ, pàápàá irú èyí tó ń pẹ́ lára.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti dúró pẹ̀lú mi díẹ̀. Eṣinṣin tí a bá lójú egbò kọ́ ló dá egbò sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́ jẹ́ ibi tó rọrùn fún fáírọ́ọ̀sì láti jí sí, pàápàá lára àgbàlagbà tí wọ́n tún ti fún ní oògùn tó ń dín agbára ara kù, bíi prednisolone. Ẹ tún wo 9 nínú 25 yẹn: fáírọ́ọ̀sì wà lára wọn, àpá kò sì sí. Ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú àgbàlagbà mẹ́wàá láyé yìí tó ní Epstein-Barr lára, àìsàn àpá yìí kò sì wọ́pọ̀. Bí fáírọ́ọ̀sì bá lọ́wọ́ sí i lóòótọ́, òun nìkan kọ́.

Èrò tèmi, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wádìí rẹ̀ náà sì ń rò, ni pé ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ kéékèèké ló ń kóra jọ lórí sẹ́ẹ̀lì tí kò lágbára àtitún ara rẹ̀ ṣe. Àwọn kan jogún okùn àbùdá tí òpin rẹ̀ kúrú, tí sẹ́ẹ̀lì wọn fi ń tètè gbó. Lára àwọn mìíràn, ẹ̀yà àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní MUC5B ló ń mú ikun ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ jù. 2011 ni wọ́n rí ìyẹn. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, sìgá wà níbẹ̀, eruku wà níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọgbẹ́ náà.

Nípa oògùn Ìdúmọ̀tà: valganciclovir, tí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, lè ba inú egungun níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó sì ń fẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́. Wọ́n ti fún àwọn aláìsàn àpá ẹ̀dọ̀fóró ní Amẹ́ríkà lò nínú ìdánwò kékeré kan, ènìyàn 31 fún ọ̀sẹ̀ 12, láti mọ̀ bóyá ara wọn yóò gbà á. Ìdánwò tó kéré bẹ́ẹ̀ kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé oògùn náà ń dá àpá dúró. Ẹ má ṣe fi bàbá yín dán an wò láìsí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ayẹ̀jẹ̀wò Yaba fèsì pé:

Mo gba ọ̀pọ̀ ohun tí Dókítà sọ, ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ eṣinṣin àti egbò mọ ọ́n níbi tí kò yẹ kó mọ. Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni mò ń ṣe, ohun tí wọ́n ṣe pẹ̀lú èkúté ló mú kí n má lè fi ojú kékeré wo fáírọ́ọ̀sì.

Fáírọ́ọ̀sì kan wà tó jẹ́ ti èkúté, tó bá Epstein-Barr tan. Bí wọ́n bá fi sí imú ọmọ èkúté tó le koko, ara rẹ̀ yóò bá a jà, yóò sì yá láìní àpá. Ní 2005, wọ́n fi sí imú àwọn èkúté tí wọ́n ti yọ ọ̀nà kan tí ara fi ń gbọ́ ìkìlọ̀ nípa fáírọ́ọ̀sì kúrò lára wọn. Ẹ̀dọ̀fóró àwọn wọ̀nyí di àpá, àpá náà sì ń gbòòrò lọ fún oṣù púpọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi oògùn tó ń dí fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́ tọ́jú irú àwọn èkúté bẹ́ẹ̀, àpá náà sì dẹ́kun gbígbòòrò. Àwọn mìíràn rí i pé ara arúgbó èkúté náà kì í kojú rẹ̀ bíi ti ọ̀dọ́. Àpá ń yọ lára wọn láìjẹ́ pé wọ́n yọ nǹkan kan kúrò. Èyí tó ká mi lára jù lọ ni pé bí fáírọ́ọ̀sì náà bá ti sùn sára èkúté kan, tí wọ́n bá wá fi nǹkan mìíràn dá ọgbẹ́ sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, àpá tó máa ń jáde yóò pọ̀ ju ti èyí tí fáírọ́ọ̀sì kò dé ara rẹ̀ rí.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ẹni tó ti ní Epstein-Barr lára láti ọmọ ọdún méjì, tó wá lọ dúró nínú ìyẹ̀ igi fún ọgbọ̀n ọdún. Fáírọ́ọ̀sì náà lè má dá egbò sílẹ̀, kó sì jẹ́ pé òun ni kò jẹ́ kí egbò jinná bó ṣe yẹ.

Oníṣègùn Ẹran, Ìkòyí, fèsì pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹran, nítorí ẹṣin tí wọ́n fi ń gbá pólò wà lára àwọn tí mo ń tọ́jú. Àwọn oníṣègùn ẹran ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé àìsàn kan ní 2007 tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró ẹṣin àgbà di kókó kókó àpá. Ẹṣin náà a máa rù, a máa mí kíkankíkan, ibà a sì máa wá a mú. Nínú àwọn kókó náà ni wọ́n ti ń rí fáírọ́ọ̀sì herpes ẹṣin, ẹ̀yà kárùn-ún. Ìbátan Epstein-Barr ni òun náà. Nígbà tí wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì yìí sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹṣin tí ara rẹ̀ dá, àwọn kókó àpá yọ níbẹ̀. Ẹ̀rí yẹn kọjá kí a kàn bá a nídìí egbò.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ìfiwéra náà kò ti dọ́gba: àpá ti ẹṣin máa ń ṣù jọ bíi kókó, kò jọ afárá oyin inú àwòrán bàbá wa, ọ̀pọ̀ ẹṣin tí ara wọn le sì ní fáírọ́ọ̀sì náà ní imú láìṣàìsàn.

Ìyá Ìbejì Ìsàlẹ̀ Èkó fèsì pé:

Arábìnrin Àbíkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi kò mọ̀wé tó àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú, àmọ́ mo rí ti ìyá mi. Kòrónà mú wọn ní 2020, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò lórí ọ́síjìn. Nígbà tí a gbé wọn dé ilé, wọn kò lè rìn láti ojú ilé dé ilé ìdáná. Àwòrán àyà wọn fi àpá hàn, a sì sunkún bí ẹni tí wọ́n ti dájọ́ fún. Lẹ́yìn bí ọdún kan, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti pa rẹ́, wọ́n sì ti padà sí ọjà. Ṣé àìsàn kan náà ni èyí àti ti bàbá? Mo ń béèrè nítorí pé èmi náà fẹ́ mọ̀.

Àbíkẹ́ Ẹ̀bútẹ́ fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín fún àbúrò mi, ó sì ti gbà láti dá owó náà dúró. Sìgá kò kan bàbá, a kò sì sin ẹyẹ rí.

Ohun méjì ló kù. Ṣé kí a lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún Epstein-Barr? Èkejì ni èyí tó ń dùn mí jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, àwọn ará ilé ti ya ife bàbá sọ́tọ̀, ife aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n ń gbé kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọn kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ jókòó tì wọ́n. Bí mo bá wá sọ fún wọn pé fáírọ́ọ̀sì lè wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣé wọn kò tún ní sá fún wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ṣé ó ń ràn?

Dókítà Àyà, Sùúrùlérè, fèsì pé:

Ẹ lọ gbé ife náà kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn lónìí. Àpá kì í ràn. Àwọn fáírọ́ọ̀sì tí a sì ń sọ yìí ti wà lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ya ife sọ́tọ̀ náà láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Kí bàbá máa jẹun láàárín àwọn ọmọ-ọmọ wọn.

Ìdí yẹn kan náà ni n kò fi ní kí ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún Epstein-Barr. Yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé èsì yóò sọ pé ó wà, kò sì sí ohun tí èsì náà yóò yí padà nínú ìtọ́jú wọn. Ní ti fáírọ́ọ̀sì hepatitis C, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, àwọn onímọ̀ ní Japan rí i ní 1992 pé ó pọ̀ lára àwọn tó ní àpá ẹ̀dọ̀fóró, àwọn ti Gẹ̀ẹ́sì sì wá a lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọn kò rí i bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò fún hepatitis C dára nítorí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, torí pé fáírọ́ọ̀sì náà ní oògùn tó ń wò ó sàn.

Arákùnrin Ayẹ̀jẹ̀wò, mo gba ọ̀rọ̀ èkúté yín, ti ẹṣin náà sì wọ̀ mí lọ́kàn ju bí mo ṣe rò lọ. Ibi tí mo ṣì dúró sí ni pé a kò tíì fi oògùn fáírọ́ọ̀sì dá àpá dúró lára ènìyàn bí wọ́n ṣe dá a dúró lára èkúté. Títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, n kò lè kọ ọ́ fún aláìsàn.

Ìyá Ìbejì, ti ìyá yín yàtọ̀. Ọgbẹ́ ńlá kan ṣoṣo ni kòrónà dá, lójijì, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí tún un ṣe nígbà tó lọ. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ni irú àpá bẹ́ẹ̀ ti ń dínkù láàárín oṣù mélòó kan sí ọdún kan, àyàfi àwọn díẹ̀ tí ó dúró sí lára. Ti bàbá kì í padà sẹ́yìn.

Nítorí náà, Arábìnrin Àbíkẹ́, ẹ jẹ́ kí a gbájú mọ́ ohun tó wà lọ́wọ́. Oògùn méjì, pirfenidone àti nintedanib, ni wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2014 fún àìsàn yìí gan-an. Wọn kò wo àpá sàn, ṣùgbọ́n wọ́n ń dín ìyára rẹ̀ kù. Wọ́n wọ́n gan-an, ẹ ní láti jókòó pẹ̀lú dókítà yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n ń da inú rú, ó sì yẹ kí wọ́n máa yẹ ẹ̀dọ̀ wò. Ẹ béèrè nípa prednisolone náà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2012 fi hàn pé àwọn tí wọ́n fún ní irú oògùn yẹn pẹ̀lú azathioprine, tí òun náà ń dín agbára ara kù, àti oògùn kẹta kan kú ju àwọn tí wọn kò fún lọ, wọ́n sì tètè dá ìdánwò náà dúró. Ẹ má ṣe já a lójijì fúnra yín o. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí fáírọ́ọ̀sì ti kan bàbá lójoojúmọ́ ni ọ̀fìnkìn. Àìsàn yìí lè ru sókè lójijì láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí mímí burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n wá fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn àti irú wọn lára ènìyàn 43 tó ti ru sókè bẹ́ẹ̀, 4 péré ni wọ́n ti rí i, nítorí náà òun kọ́ ló ń fà á fún ọ̀pọ̀; síbẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró tó ti há bẹ́ẹ̀ kò ní àyè fún òtútù àyà. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn líle àti ti òtútù àyà fún wọn. Ọmọ tí imú rẹ̀ bá ń ṣomi ni kó yẹra, títí yóò fi gbẹ. Bí ètè wọn bá dúdú, tàbí tí wọn kò lè sọ gbólóhùn kan tán kí wọ́n tó mí, ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí ẹ tó lọ rí dókítà, ẹ ka ìgbésẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì kọ ibi tí wọ́n ti ń dúró sílẹ̀. Wọn yóò ní kí bàbá rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré há wọn níka láti wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń rìn. Bí ó bá ń já wálẹ̀ nínú ìrìn, ọ́síjìn nílé yóò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Àbíkẹ́ Ẹ̀bútẹ́ fèsì pé:

Mo ti gbé ife náà kúrò. Ìwé àkọsílẹ̀ àtẹ̀gùn ti wà lórí tábìlì, lónìí ìgbésẹ̀ kẹfà ni wọ́n ti dúró. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún ni a óò rí dókítà, n óò sì kọ Oko Bàbá àti ọgbọ̀n ọdún sí òkè ìwé náà kó tó béèrè.